Call tòlótòló tí ò dún mọ́: kò bàjẹ́ o, ojú ẹ̀ ló dán

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Alabama pè mí láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀ torí inú igbó ló wà, call, ìyẹn nǹkan tí ọdẹ fi ń ké bí tòlótòló, ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, call yìí ti kú o, mo ń fà á, ṣíṣì ṣíṣì lásán ló ń ṣe, akọ tòlótòló kan sì ń ké lórí igi lọ́ọ̀ọ́kán báyìí." Mo ní kí ló fi kan ojú ẹ̀? Ó ní òun ò fi nǹkankan kàn án, òun kàn fi àtàǹpàkò nu eruku orí ẹ̀ kúrò ni. Mo ní ó tán, ìyẹn náà nìyẹn. Ó ti fi òróró tó ń lé ẹ̀fọn para kó tó wọgbó, ọwọ́ yẹn náà ló fi nu síléètì tó wà lójú call ẹ̀. Mo ní kó mú sáńpépà jáde, ó ní òun ò mú un dání. Akọ tòlótòló yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ call yìí máa ń rú ọ̀pọ̀ lójú, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní ṣọ́ọ̀kì ni kí wọ́n fi sí i, ẹlòmíì á ní sáńpépà ni, ẹlòmíì á ní nǹkankan ò gbọdọ̀ kàn án rárá, òótọ́ sì ni gbogbo wọn ń sọ, àmọ́ call tí kálukú ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ò dọ́gba. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ ba call tó dáa jẹ́, tí á wá lọ náwó ra òmíì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni àtúnṣe ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tó jẹ́ pé tòlótòló ọdún Kérésì lẹ mọ̀, èyí tó ń fẹ ìyẹ́ kiri àgbàlá: ní Amẹ́ríkà níbí, ẹyẹ igbó ni. Orí igi ló ń sùn, ojú ẹ̀ mú gan-an, etí ẹ̀ náà mú. Láti nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún ni àwọn akọ máa ń wá abo kiri, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tiẹ̀ tó máa ṣí igbó fún ọdẹ láàárín ìgbà yẹn. Ọdẹ ò ní lé e o, ṣe ló máa jókòó sídìí igi, á fẹ̀yìn ti igi, á wá máa ké bí abo, kí akọ lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá. Ohun tí wọ́n fi ń ké bẹ́ẹ̀ ni call. Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi sẹ́nu, mi ò sọ ti ìyẹn lónìí. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tó jẹ́ pé nǹkan méjì ló máa ra ara wọn kó tó dún, oríṣi méjì ló sì wọ́pọ̀ nínú ẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pot call, èmi á máa pè é ní àwo torí bó ṣe rí nìyẹn, ó rí roboto, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wọ́n wá fi síléètì tàbí gíláàsì tàbí alumíníọ̀mù bo ojú ẹ̀, ihò wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Síléètì yẹn, síléètì náà ni o, òkúta tí àwọn bàbá wa fi kọ A B D níléèwé. Ọ̀pá kékeré kan tó rí bíi bírò ni wọ́n ń fà lójú ẹ̀, ìyẹn ni striker. Ìkejì ni box call, àpótí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, ó ní ìdérí tí wọ́n fi sukúrúù kan ṣoṣo mú lápá kan, ìdérí yẹn ni wọ́n ń fà lọ fà bọ̀ létí àpótí. Àpótí yìí ti pẹ́ láyé, lọ́dún 1897 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Henry C. Gibson, ará Dardanelle ní ìpínlẹ̀ Arkansas, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí tiẹ̀, ẹni tó bá rí tìgbà yẹn á mọ̀ pé ọmọ ìyá ni òun àti tòní. Kó tó dìgbà yẹn rárá, àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi eegun apá tòlótòló fúnra ẹ̀ pe tòlótòló.

Toò, ohùn yẹn, ibo ló ti ń jáde? Ẹ fara balẹ̀ níbí torí ibí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ gòjé, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú orin sákárà nígbà ayé Yusuf Olatunji, á mọ̀ pé irun ìrù ẹṣin ni wọ́n fi ń fa okùn ẹ̀, wọ́n sì máa ń fi oje igi tó ti gan pa irun yẹn. Tí ò bá sí oje, irun á kàn máa yọ̀ lórí okùn ni, kò ní dún. Oje yẹn ló ń jẹ́ kí irun di okùn mú, kó tú u sílẹ̀, kó tún dì í mú, kó tún tú u sílẹ̀, àìmọye ìgbà kéèyàn tó ṣẹ́jú, etí wa ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ohùn kan ṣoṣo la máa gbọ́. Dì mú, tú sílẹ̀. Bí call tòlótòló ṣe ń ṣiṣẹ́ náà nìyẹn, kò sí àṣírí míì níbẹ̀. Tó bá ń dì mú jù, á há. Tí ò bá dì mú rárá, á yọ̀, ẹ ò ní gbọ́ nǹkankan ju ṣíṣì ṣíṣì lọ.

Lára àpótí, ṣọ́ọ̀kì ló ń ṣe iṣẹ́ oje. Lára àwo, kò sí oje kankan, àwọn ìlà kéékèèké tí sáńpépà ha sójú ẹ̀ ló ń di striker mú. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì, tí àwo fi ń fẹ́ sáńpépà. Tẹ́ ẹ bá kun ṣọ́ọ̀kì sójú síléètì, ẹ ti di gbogbo ìlà yẹn pa. Tẹ́ ẹ bá sì gbé sáńpépà ti etí àpótí, ohùn tí ẹni tó gbẹ́ ẹ fi sí i lẹ̀ ń ha dànù yẹn, ti ìyẹn sì burú jù torí kò ṣeé dá padà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àwo. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á ni igi ń jẹ òkúta tí òkúta náà ń jẹ igi, eruku wọn á máa dì sínú àwọn ìlà yẹn, orí ìlà fúnra ẹ̀ á máa jẹ lọ, tó bá yá ojú ẹ̀ á dán. Ojú tó dán ló ń yadi. Síléètì ló rọ̀ jù nínú wọn, kò fẹ́ agbára rárá, kànìnkànìn aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ fi ń fọ ìkòkò tó, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ọ̀rá tí ọṣẹ àti epo ò tíì kàn o. Tí ò bá sí ìyẹn, sáńpépà tó kúnná, nọ́ńbà 220 sókè. Ẹ má ha gbogbo ojú ẹ̀, ibi tẹ́ ẹ ti máa fà á nìkan ni, tó bá ti fẹ̀ tó ìka méjì tàbí mẹ́ta ó ti tó. Apá kan náà ni kẹ́ ẹ máa ha á sí, ẹ má máa yí i po bí ẹni ń fọ abọ́. Tí gbogbo ìlà bá dojú kọ ọ̀nà kan, tí striker wá ń gba orí wọn kọjá ní ìdábùú, á máa dì wọ́n mú lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn á já geere. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí i po, ibì kan á dì mú, ibòmíì á yọ̀, á wá máa ṣe bí ẹni tó ń kólòlò. Tẹ́ ẹ bá ha á tán, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ gbọn eruku ẹ̀ dànù. Ẹ má fọwọ́ nù ún, mo bẹ̀ yín.

Gíláàsì le ju síléètì lọ fíìfíì, kànìnkànìn ò lè ṣe nǹkankan fún un. Ìyẹn ń fẹ́ sáńpépà tó le, nọ́ńbà 80 sí 100, tàbí òkúta kékeré tí àwọn kan tó ń ṣe é máa ń fi sínú páálí ẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa kẹ́ ẹ ha á títí ibẹ̀ á fi funfun bí ìgbà téèyàn bá mí sára dígí. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ ti ń ṣe é kù, wọ́n á ha á ní ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ojo, torí wọ́n ń rò ó pé àwọn ń ba gíláàsì jẹ́, wọ́n á wá ní gíláàsì ò dáa, síléètì ló dáa. Gíláàsì tuntun tó ń kọ mànà kò tíì ṣeé fà rárá, ẹ gbọ́dọ̀ ha á kó tó lè sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní crystal, bí gíláàsì ni kẹ́ ẹ ṣe ṣe é. Alumíníọ̀mù wà láàárín àwọn méjèèjì, nọ́ńbà 100 sí 150 ti máa ń tó o.

Ọ̀rọ̀ òróró wá ńkọ́, torí òun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa ń pè mí. Ọwọ́ èèyàn ò gbẹ láé, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán, òógùn àti ọ̀rá ara wà níbẹ̀, ìka kan ṣoṣo tó bá fara kan ojú àwo ti sọ ibẹ̀ di ibi tó ń yọ̀. Ká má wá sọ ti ìpara oòrùn, tàbí ti òróró ẹ̀fọn. Òróró ẹ̀fọn tó ní DEET nínú, ìyẹn kẹ́míkà tó ń lé ẹ̀fọn, tiẹ̀ tún máa ń jẹ rọ́bà àti fáníṣì, ó lè ba ìdí àwo tí wọ́n fi rọ́bà ṣe jẹ́ pátápátá. Tó bá kan gíláàsì, ẹ fi aṣọ mímọ́ àti sípíríìtì díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó wá ha á. Síléètì máa ń mu òróró, fún ìdí yìí ẹ máà wulẹ̀ nù ún, ẹ ha ibẹ̀ kúrò títí òkúta tuntun á fi yọjú.

Striker ńkọ́? Nǹkan méjì ló ń ra ara wọn, èèyàn á ha ọ̀kan tán á wá gbàgbé ìkejì. Ẹ gbé orí striker yín sínú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó, tó bá ti dúdú tó ń dán bíi bàtà tí wọ́n fi páláṣì kùn, òun ló ń fa wàhálà yẹn, ẹ lè ha àwo títí di ọ̀la kò ní dún. Ẹ tẹ́ sáńpépà tó kúnná sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ gbé orí ẹ̀ lé e, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ó parí. Bó ṣe rí róbótó yẹn ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ o, ẹ má gbẹ́ ẹ ṣóńṣó bíi pẹ́ńsù, ẹ má sì jẹ́ kó pẹlẹbẹ, torí bí orí yẹn ṣe rí ló mú kó máa fara kan òkúta bó ṣe yẹ. Àwọn igi tí wọ́n fi ń ṣe é pọ̀, hickory, rosewood, purpleheart àti àwọn míì, kálukú pẹ̀lú ohùn tiẹ̀, igi tó le tó wúwo sábà máa ń gbé ohùn lọ sókè, kó mú. Ìyẹn ló jẹ́ pé àwo kan tí striker kan ò bá mu, òmíì lè bá a mu gan-an. Tí àwo mi bá yadi, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé màá pààrọ̀ striker. Tó bá dún, mo ti mọ̀ pé àwo ò ní nǹkankan. Tí ò bá dún pẹ̀lú striker méjì tó yàtọ̀ síra, ìgbà yẹn ni màá tó yọ sáńpépà.

Ohun kan tún wà lára striker tí kì í tètè hàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe igi kan, wọ́n lẹ orí tó nípọn mọ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Tí gúlù ibẹ̀ bá tú díẹ̀, ohùn á máa gbọ̀n ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀ bíi ẹ̀rọ agbọ́hùn tí awọ ẹ̀ ti ya. Ẹ fi ọwọ́ kan di orí ẹ̀, ẹ fi ìkejì yí ọ̀pá, tó bá mì, ẹ kán súpágúlù sí i, ẹ jẹ́ kó sùn síbẹ̀.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ojú àwo dáa, striker dáa, ọwọ́ lẹ́bi. Ihò abẹ́ àwo ni ohùn ń gbà jáde, ẹni tó bá fi àtẹ́lẹwọ́ gbé e ti pa ihò yẹn dé. Orí ìka ni kẹ́ ẹ fi dì í mú létí, bí ẹni tó di ife tíì gbígbóná mú, kí afẹ́fẹ́ wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ di striker mú bíi bírò, ẹ jẹ́ kó dẹ̀gbẹ́ díẹ̀, ẹ má gbé orí ẹ̀ kúrò lójú àwo láàárín igbe kan sí èkejì, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fi kọ̀wé sí òkúta. Igbe abo tòlótòló, apá méjì ló ní, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè kó tó já wálẹ̀. Tí tiyín bá wà lókè nìkan tí ò já, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti sún mọ́ etí àwo jù, torí létí ni ohùn ti ń mú, bẹ́ ẹ bá ṣe ń lọ sí àárín ló ń wálẹ̀. Ẹ wá ibì kan láàárín àwọn méjèèjì, ẹ máa yí àwo díẹ̀díẹ̀, ibi tó ti dáa jù á fara hàn yín, kẹ́ ẹ wá fi bírò fàlà sára igi ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ lè máa mọ̀ ọ́n, kódà nínú òkùnkùn.

Òjò ló kù. Ẹni tó bá mọ gángan mọ ohun tí òtútù ń ṣe fún awọ. Orí striker onígi máa ń mu omi, síléètì tó tutù náà ò ní dì í mú, àwọn méjèèjì á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ọjọ́ òjò, gíláàsì ni kẹ́ ẹ mú lọ, pẹ̀lú striker tí orí ẹ̀ jẹ́ carbon tàbí acrylic, torí ìyẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ omi mímu. Ẹni tó bá ń gbé ní Georgia tàbí Florida tí òjò lè dé nígbàkígbà, kó ní ọ̀kan lápò.

Ó wá kan àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí ìbàjẹ́ tó pọ̀ jù, torí ó rí bí igi lásán, èèyàn á rò pé òun lè ṣe é bó ṣe wu òun. Ibi méjì péré ni kí ṣọ́ọ̀kì kàn: abẹ́ ìdérí, àti etí òkè àpótí níbi tí ìdérí ti ń fara kàn án. Ṣọ́ọ̀kì tí ò ní epo tàbí ìda nínú ni o. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀kì iléèwé, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe kí eruku ẹ̀ má baà fò, nǹkan wà nínú ẹ̀ tó máa ń di pẹlẹbẹ, tí á máa dán, àpótí á wá máa há tàbí kó máa yọ̀. Ẹ ra èyí tí wọ́n ń tà fún box call gan-an, kò wọ́n. Tí ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ bá ti gan síbẹ̀ tó ń dán, ẹ fi kànìnkànìn gbígbẹ gbọ́n ọn kúrò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ wá fi tuntun kùn ún. Sáńpépà ò wọ̀ ọ́. Etí yẹn kì í ṣe pé ó tẹ́jú o, ẹ wò ó dáadáa, ó ga láàárín díẹ̀, ó lọ sílẹ̀ lápá méjèèjì, bí ẹni tó ṣe é ṣe gbẹ́ ẹ nìyẹn tí igbe ẹ̀ fi máa ń já láti òkè wálẹ̀. Ẹ ha á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá péré, ó lè má dún bí tòlótòló mọ́ láé.

Sukúrúù ìdérí náà, tí ò bá ní ìdí pàtàkì, ẹ má yí i. Tó bá ti wá tú tó ń mì, ẹ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù fàlà sí ibi tó wà, ẹ wá yí i díẹ̀díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin òbìrí kan, kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, kẹ́ ẹ tó tún yí i. Tó bá ṣi yín lọ́wọ́, ìlà yẹn lẹ máa padà sí. Tẹ́ ẹ bá ń rìn nínú igbó, ẹ fi aṣọ kékeré há àárín ìdérí àti àpótí, ẹ wá fi rọ́bà dè é pọ̀, kó má baà máa ké nínú àpò. Kì í ṣe pé á lé ẹyẹ nìkan, ọdẹ míì lè gbọ́ igbe lójijì kó rò pé ẹyẹ ni, ìyẹn ò dáa rárá. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ fi àpótí sínú ọ̀rá búrẹ́dì, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ sínú ọ̀rá fà á. Tó bá sì ti tutù, abẹ́ afẹ́fẹ́ inú ilé ni kẹ́ ẹ ti jẹ́ kó gbẹ fúnra ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná, igi tó bá gbẹ ní kánmọ́kánmọ́ á là.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ìyẹn tí àwo ṣì ń dún bí agolo tó ya, ẹ fi èékánná kan ojú ẹ̀ yíká etí. Kó dún bákan náà níbi gbogbo. Ibi tó bá dún gbọ̀gbọ̀, gúlù ti tú níbẹ̀, tàbí kí pátákó kékeré tó wà nínú ẹ̀, tó ń gba ohùn, ti já. Mọ́tò tí wọ́n páàkì sóòrùn ló sábà máa ń fa ìyẹn, èèyàn á gbàgbé call síwájú dígí ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tó bá jẹ́ etí nìkan ló tú, súpágúlù díẹ̀ lè gbà á. Tó bá jẹ́ pátákó inú, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó ṣe é, ọ̀pọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kéékèèké tó ń ṣe call máa ń bá èèyàn tún un ṣe. Síléètì tó bá là, ní tiẹ̀, ó ti lọ nìyẹn.

Àbúrò mi ti gé sáńpépà tiẹ̀ sí mẹ́rin báyìí, ó kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ẹ̀, ó fi sínú ọ̀rá kékeré pẹ̀lú kànìnkànìn tí ò tíì kan ọṣẹ, striker mẹ́ta wà nínú àpò ọ̀tọ̀ kí orí wọn má baà máa ha ojú àwo. Nígbà tó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo rí ike òróró ẹ̀fọn nínú àpò kan náà. Mo ní kó yọ ọ́ síta kíá.